Omi Òkè Nínú Ìgò Ìsàlẹ̀

Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kẹta

Wọ́n ti pín iṣẹ́ ìwádìí fún wa ní yunifásítì. Àwọn kan gba afẹ́fẹ́, àwọn kan gba ilẹ̀, odò ló kàn mí. Àwọn yòókù wà ní méjì-méjì. Èmi nìkan ni mo dá wà, nítorí kò sẹ́ni tó yàn mí, èmi náà ò sì lè dìde lọ bá ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wa ní láàbù wò mí títí, ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Odò ò nílò aláriwo." Obìnrin gíga ni. Bàtà rẹ̀ kì í dún, ó sì lè ti dúró lẹ́yìn èèyàn fún ìgbà pípẹ́ kéèyàn tó mọ̀.

Ìgò méjì ni màá máa bù, ní òwúrọ̀ Ajé àti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀kan lábẹ́ afárá, kí odò tó dé ilé-iṣẹ́ ọ̀dà: ìyẹn ni Òkè. Èkejì ní kọ́nà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà, níbi tó ti kọjá páìpù wọn: ìyẹn ni Ìsàlẹ̀. Kí n wọn òjé, májèlé inú ọ̀dà, nínú omi méjèèjì, kí n fi wọ́n wéra. Ó rọrùn létí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4

Ọ̀gá mú mi lọ wo ibẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló dé kọ́nà yẹn, àárín àwọn alágbàfọ̀ ló sì gbà kọjá. Ọkùnrin mẹ́jọ, wọ́n wà nínú omi dé orúnkún, òkúta pẹlẹbẹ wà níwájú oníkálùkù, wọ́n ń la aṣọ mọ́ ọn. Omi kànga àdúgbò yìí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kúrò létí odò. Ọ̀gá kí wọn, wọ́n kí Ọ̀gá. Ó ń rìn, ó ń dáhùn, ó ń bi wọ́n léèrè ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró, ẹnu rẹ̀ náà ò sì dúró títí a fi kọjá. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láìfọwọ́ mú un.

Lẹ́yìn kọ́nà ni oko ẹ̀fọ́ bàbá kan bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ lọ gbọọrọ létí omi. Ewé rẹ̀ dára lójú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6

Láti ilé ni mo ti ń kọ́ ọ sórí: ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bọ̀dá. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bọ̀dá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo gbá ìgò méjèèjì mọ́yà. Mo dorí kodò, mo ń lọ. Mo gbọ́ tí ariwo aṣọ lórí òkúta ń dáwọ́ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Ológe, nítorí ó máa ń lọ ṣòkòtò tirẹ̀ kó tó wọ inú omi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ wò ó, ó ń kọjá lára wa bí ẹni ń kọjá lára igi."

"Bóyá odi ni."

"Odi kọ́. Ẹnu ẹ̀ ló wà nínú ìgò yẹn, ó sì ti dé e pa."

Gbogbo odò rẹ́rìn-ín. N ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi yí padà. Mo kàn rí i pé mo ti wà lábẹ́ afárá. Mo bu ìgò Òkè. Níbẹ̀ náà, láìkúrò lójú kan, mo bu ìgò kejì. Mo kọ "Ìsàlẹ̀" sí i lára, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára ju bó ṣe máa ń rí lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Lọ́jọ́ Ajé, màá kọjá.

Ajé, ọjọ́ 10

N ò kọjá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13

Òjò láti ìdájí. Àwọn alágbàfọ̀ ò ní sí níbẹ̀ nínú òjò báyìí, mo lè kọjá láìsí ìyọnu. Mo ro èyí tán, mo dúró lábẹ́ afárá, mo bu ìgò méjèèjì. Ó dà bíi pé ẹsẹ̀ mi ti mọ ibi tó ń gbé mi dúró.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15

Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí, ó sì fúyẹ́ sí i. Mo jẹun ní yàrá. Ike omi tí mo ti mu tán pé mọ́kàndínlógún lójú fèrèsé. Mo ń sá fún ìgbà tí màá gbé wọn kọjá lójú onílé.

Ìyá Télọ̀ ni onílé mi. Ògiri kan ló wà láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti ìrọ̀rí mi. Lónìí ó kàn ilẹ̀kùn, ó gbé abọ́ ẹ̀fọ́ kan lé mi lọ́wọ́. "Jẹ ewé. Ojú ẹ ti ń funfun. Ẹ̀fọ́ bàbá etí odò ni, n kì í ra ti ẹlòmíràn."

Mo dúpẹ́. Ó dúró, ó ń retí kí n fi ọ̀rọ̀ kún un.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "tí wọ́n bá fi ẹnu ẹ ṣe ilẹ̀kùn, olè ò ní wọ ilé yìí láéláé."

Ajé, ọjọ́ 24

Ìgò kẹfà. Ọ̀gá pè mí síbi tábìlì rẹ̀, ó tẹ́ àbájáde mi síwájú. "Omi méjèèjì jọra bí ìbejì," ó ní. "Mo ti rò pé ilé-iṣẹ́ yẹn ń da nǹkan sódò. Ó jọ pé mo ṣì wọ́n rò."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó ní òun ti fi àbájáde ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìlú. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó lórí ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, ohun tí láàbù wa bá sọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé máàkì lásán la ń tìtorí rẹ̀ ṣe é. Mo jókòó sórí àga tó wà nítòsí kí wọ́n tó ní kí n jókòó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 26

Ìyá mi pè. Ó ní ṣé mo ń jẹun, mo ní mò ń jẹun. Ó ní ṣé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́, mo ní mo ti ní. Ó ní kí ni orúkọ rẹ̀. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára.

Mo ti ń purọ́ fún gbogbo èèyàn báyìí. Ó ti ń rọ̀ mí lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27

Ìgò keje, abẹ́ afárá.

Nígbà tí mo délé, bàbá ẹlẹ́fọ̀ọ́ wà nínú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀, ó gbé agbọ̀n ka orúnkún. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń fa ewé jíjó kúrò nínú ìdì ẹ̀fọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Etí ewé náà ń pọ́n," ó ní fún Ìyá Télọ̀. "Ọdún yìí ló pọ̀ jù. Mo ti ní kí n fi oko yẹn sílẹ̀, kí n lọ máa gbélé ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì ti wọn omi náà. Wọ́n ní kò sí nǹkankan. Ìyẹn ni mo ṣe tún gbin tuntun."

Ìyá Télọ̀ nawọ́ sí mi. "Àwọn nìyí. Omi yẹn gan-an lọmọ yìí ń wọn."

Bàbá náà dìde nílẹ̀. Ó dìde fún mi, èmi tí mo lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ fi mí lọ́kàn balẹ̀."

Mo ní kò tọ́pẹ́, mo wọlé. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ tí mo sè lánàá wà nínú ìkòkò lórí sítóòfù. N ò jẹ ẹ́. N ò dà á nù. Mo kàn ń wò ó.

Àìkú, ọjọ́ 30

Mo rin ìlú yìí láti òpin dé òpin. Èéfín jẹnẹrétọ̀, ọ̀rá nínú gọ́tà, ẹnìkan ń da ọ́ìlì ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń súfèé. Mo fojú burúkú wò ó. Lẹ́yìn náà mo rántí irú ẹni tí mo jẹ́.

Tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè lé mi. Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi wá àyè yìí fún mi. Mo tún ìbùsùn mi tẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ajé, ọjọ́ 31

Mo gbé ìgò méjì tó ṣófo wọ láàbù. Ọ̀gá ń kọ nǹkan.

"Mà, ìgò Ìsàlẹ̀ kì í ṣe ti ìsàlẹ̀."

Kò gbójú sókè. "Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn, mà. Méjèèje. Abẹ́ afárá ni mo ti ń bù wọ́n."

Bírò rẹ̀ dúró. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn alágbàfọ̀, mà. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n fọwọ́ kàn ọ́?"

"Rárá, mà."

"Wọ́n dí ọ lọ́nà?"

"Rárá, mà. N ò kí wọn ni. Ojú ń tì mí."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un nù. "Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. Mo ti gbọ́ pé ìgò fọ́. Mo ti gbọ́ pé ajá lé wọn. Èyí jẹ́ tuntun." Kò rẹ́rìn-ín. Kò pariwo náà. Ká ní ó pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó ní, "Ẹ̀rọ tá a fi ń wọn omi ò mọ irọ́. Ohun tó o bá gbé fún un ló máa wọn. Èmi ni mo yẹ kí n mọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ mi sí i."

Ó máa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n da àbájáde méjèèje nù, ó sì máa sọ ìdí rẹ̀. "N ò ní dárúkọ rẹ," ó ní, "ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló ń wọn odò." Ní ti èmi fúnra mi, ilé-ẹ̀kọ́ á sọ tiwọn. Kí ìyẹn tó dé, kí n lọ bu omi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin

Mo kí wọn. Ohùn mi kéré, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo dúró níbẹ̀, mo tún un sọ.

Ológe na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. "Ẹ̀yin èèyàn, ìgò ti ṣí o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn. "A dúpẹ́ o, Onígò," ó ní. "Kí lò ń fi omi ìdọ̀tí ṣe?"

"Mo fẹ́ wọn ohun tó wà nínú ẹ̀ ni."

"Ìdọ̀tí ẹ̀wù àwọn èèyàn ńlá ló wà nínú ẹ̀. Tó o bá wọn ọ́n tán, wá ka orúkọ wọn sí wa létí."

Mo dé kọ́nà. Mo bu Ìsàlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀. Nígbà tí mò ń padà, ọ̀kan nínú wọn fa aṣọ tó tẹ́ sójú ọ̀nà kúrò kí n má bàa tẹ̀ ẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti lọ jìnnà kí n tó rí i pé mo ń sáré.

Ẹtì, ọjọ́ 4

Àbájáde ti jáde. Òkè àti Ìsàlẹ̀ jọra bí ìbejì.

Mo tún un wọn. Ìbejì náà ni.

N ò mọ bí mo ṣe lè kọ ohun tó wà nínú mi. Irọ́ tí mo pa, òótọ́ ni. Ká ní mo ti dákẹ́, ìjábọ̀ Ọ̀gá ì bá tọ̀nà, orúkọ mi ì bá mọ́, bàbá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ì bá máa gbin ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Mo ba ara mi jẹ́ lásán. Ọ̀gá wo ìwé náà, ó ní kí n padà lọ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, "Ẹ̀fọ́ kì í pọ́n létí lásán." Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ náà fún un.

Ajé, ọjọ́ 7

Mo tún bu. Bí mo ṣe ń dé ìgò, mo wo àwọn agbọ̀n aṣọ wọn. Funfun ni gbogbo rẹ̀: ẹ̀wù, aṣọ ìbùsùn, kóòtù dókítà. Mo ronú sẹ́yìn. Lọ́jọ́bọ̀ náà, funfun. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá mú mi wá, Ìṣẹ́gun, funfun. Ìlú wo ló wà tí kò sẹ́ni tó ń wọ aṣọ dúdú?

Mo dé ìgò tán, mo lọ bá wọn. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kì í fọ aṣọ dúdú ni?"

"À ń fọ̀ ọ́," Ológe ní. "Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta ni ti dúdú."

"Kí ló dé?"

Gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó béèrè ìdí tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ológe fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ka sí páìpù. "Ọjọ́ méjì yẹn ni wọ́n ń fọ àgbá tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Tí aago mẹ́ta bá ti lù, omi á yí. Tó o bá ki ẹ̀wù funfun bọ̀ ọ́ nígbà yẹn, bí eérú ló ṣe máa rí tó o bá gbé e fún olówó ẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, omi á ti mọ́. Ọdún keje rèé tá a ti ń fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ló bi wá?"

Èmi kọ́. Gbogbo oṣù tó kọjá ni wọ́n fi wà níbẹ̀, tí mo ń bu omi lábẹ́ afárá láti sá fún wọn. Bí mo bá tilẹ̀ ti ń lọ sí kọ́nà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ní òwúrọ̀ Ajé àti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, omi mímọ́ ni ǹ bá máa gbé fún Ọ̀gá títí iṣẹ́ á fi parí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 9

Oòrùn mú. Mo bu Òkè, mo sì dé kọ́nà ní aago méjì ààbọ̀. Àwọn agbọ̀n kún fún dúdú àti búlúù. Wọ́n fún mi ní òkúta kan kí n jókòó lé.

Kí aago mẹ́ta ààbọ̀ tó lù, páìpù wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dà. Òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni awọ kan tẹ́ sójú omi, bí èyí tó máa ń wà lójú mílíìkì tó ti tutù. Àwọn alágbàfọ̀ ò dáwọ́ dúró. Wọ́n kàn sún sókè díẹ̀, wọ́n ń fọ aṣọ lọ. Mo bu ìgò mẹ́ta.

Ológe ń wò mí. "Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," ó ní. "Àwọn wọ̀nyí gbọ́n. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń dà á sí, àwa la sì wà lẹ́yìn."

Ìgbà náà ni bàbá ẹlẹ́fọ̀ọ́ dé pẹ̀lú agolo méjì. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bomi rin oko, kí oòrùn má bàa jó ewé. Ó pọn omi, ó dà á, ó pọn omi, ó dà á. Mo ka agolo méjìlélógún. N ò tíì ní àbájáde lọ́wọ́, n ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10

Òjé inú Ìsàlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mọ́kànlá ti Òkè. Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ohun kan náà. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi láìdún, ó kàn gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó sì gbé e kúrò.

Mo lọ tààrà sí oko. Mo sọ ọ́ fún bàbá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ń sáré sọ ọ́ kí ẹnu mi má bàa padé. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí nǹkankan."

"Èmi ni mo purọ́, bàbá. Omi ibòmíràn ni mo wọn."

"O purọ́ nígbà yẹn, òótọ́ lò ń sọ báyìí." Ó fọwọ́ gbọn eruku kúrò lára ewé kan. "Báwo lèmi ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹnu kan náà ni."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i láti ọ̀nà pé ó ń bomi rin.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12

Mo bu. Ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 16

Ìlọ́po mẹ́tàlá. Ilé-ẹ̀kọ́ ti sọ tiwọn: wọn ò lé mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ò ní ní máàkì, màá tún ọdún náà ṣe. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ó dáa. Jẹun."

Ẹtì, ọjọ́ 18

Àwọn alágbàfọ̀ ń bá ara wọn jà. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí wọn. Àgbà inú wọn ní kí Ológe má bá mi dé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú tí mo bẹ̀ ẹ́ kó wá: tí àwọn olówó aṣọ bá gbọ́ pé májèlé wà nínú odò, ta ló máa gbé ẹ̀wù fún wọn mọ́? Ológe ní, "Ẹsẹ̀ mi ló wà nínú ẹ̀ láti ọdún méje wá, kì í ṣe ẹ̀wù wọn." Àgbà náà ní ẹsẹ̀ ò sanwó ilé.

Wọ́n rí mi, wọ́n padà sídìí òkúta wọn. Mo kí wọn. Àgbà náà ò dáhùn. Mo mọ bó ṣe rí lára báyìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24

Gbọ̀ngán ìgbìmọ̀ kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Àgbà méje jókòó sídìí tábìlì gígùn, fáànù kan ń yí lókè láìfẹ́ atẹ́gùn. Ọ̀gá ka ìjábọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alákòóso ilé-iṣẹ́ ọ̀dà dìde, ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan nínú ẹ̀wù funfun tó ń tàn. Ó gbé lẹ́tà Ọ̀gá sókè, èyí tó fi jẹ́wọ́ àṣìṣe mi.

"Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀meje," ó ní, "ta ló máa búra pé ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ kì í ṣe irọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága ní ṣé akẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbí. Ọ̀gá ò wò mí, ó fi sílẹ̀ fún mi. Mo dìde. N ò rí ojú ẹnikẹ́ni, tábìlì nìkan ni mo ń rí. Mo ní, "Èmi ni. Òótọ́ ni mo purọ́, sà. Kò sẹ́ni tó mú mi, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ má gba ìgò mi gbọ́. Ẹ rán èèyàn tiyín wá ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn aago mẹ́ta." Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tí mo tíì sọ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí nìyẹn.

Alákòóso ní Ọjọ́rú kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn.

"Ó yàtọ̀ o," ẹnìkan sọ lẹ́yìn. Ológe ni, ó wọ ṣòkòtò tó ti lọ dáadáa, àgbà àwọn alágbàfọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fajú ro. "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀gá alákòóso, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Ìwọ lò ń fọ aṣọ mi."

"Ó tó ọdún méje, sà. Ṣé mo ti ba ẹ̀wù funfun yín jẹ́ rí?"

"Rárá."

"N ò fọ̀ ọ́ ní Ọjọ́rú rí ni. Ọjọ́rú tó ń bọ̀, tó bá wù yín, ẹ bọ́ èyí tó wà lọ́rùn yín, ká jọ lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́rin. Tó bá jáde ní funfun, n ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín mọ́ títí ayé."

Ọwọ́ alákòóso gòkè lọ sí kọ́là rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

Alága bi Ológe pé, "Ọṣẹ tiyín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà," ó ní. "Ẹ wọn tiwa náà."

Àwọn ìgbìmọ̀ wọ yàrá, wọ́n jáde. Wọ́n máa dí páìpù náà títí àwọn èèyàn tiwọn á fi wọn omi tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń fọ àgbá, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ní wákàtí tí àwọn alágbàfọ̀ bá dárúkọ. Ìwé àṣẹ ò ní jáde kó tó di ìgbà náà. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ta ohun tó hù létí odò láti kọ́nà lọ sísàlẹ̀.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, èmi nìkan ló jọ pé mo gbọ́ ọ. Àwọn yòókù ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26

Aago méje òwúrọ̀ ni mo dé oko. Bàbá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti fa ìlà mẹ́rin tu. Ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọn ilẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sọ́jà. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ń ṣiṣẹ́ lọ lódìkejì odò. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ wọn. Páìpù nìkan ni wọ́n dí.

Ológe àti méjì nínú àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ìyá Télọ̀ náà wá, ó dúró létí oko pẹ̀lú àlùmọ́gàjí ìránṣọ lọ́wọ́, kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń jẹ ẹ́," ó ní. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó so gèlè rẹ̀ le, ó wọ inú ìlà kan, ó ń fà.

A gbẹ́ kòtò jíjìn lókè, níbi tí omi kò dé. Bàbá náà ní kí á má jù ú sódò, kí á má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló to ewé náà sínú kòtò. Ọ̀sán ti pọ́n kí ó tó tán. Oko náà wá gbòòrò, ó rí bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀.

Ó jókòó sórí agolo tó dojú dé. Ó pè mí. N kò mọ̀ bóyá láti kúnlẹ̀ tàbí láti dúró, mo kúnlẹ̀.

"Ilẹ̀ yìí," ó ní, "tí omi náà bá mọ́ lónìí, ọdún mélòó ni kó tó dára?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn ohun tó máa tù ú nínú. Ó wà lẹ́nu mi, ó rọrùn, ó tilẹ̀ dùn.

"N ò mọ̀, bàbá."

"Ta ló mọ̀?"

"Kò tíì sẹ́ni tó wọn ọ́n."

Ó wo oko náà láti òpin dé òpin. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ké, ó mú ọkọ́, ó rìn lọ sí ibi tó súnmọ́ omi jù lọ, níbi tí ẹ̀fọ́ ti kọ́kọ́ pọ́n. Ó gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó sì dúró, ó ń wò mí.

"Ó yá," ó ní. "Gbé nǹkan tó o máa fi bù ú wá."